Omi Adágún Mi Ti Di Ọbẹ̀ Ewédú: Kí Ni Kí N Dà Sí I?

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìbàdàn ni mo ń gbé. Lọ́dún tó kọjá, mo ní kí bíríkìlà bá mi mọ adágún ẹja kékeré kan síwájú ilé, kí àwọn ọmọ-ọmọ mi lè rí nǹkan wò nígbà tí wọ́n bá wá. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 3, ìbú rẹ̀ mítà 2, omi inú rẹ̀ sì jìn tó 60 sẹ̀ǹtímítà. Mo gé igi máńgòrò tó ṣíji bò ó kí ewé má baà máa já sínú omi. Èpìyà méjìlá àti àrọ̀ mẹ́ta ni mo kó sí i. Láti ìgbà tí òjò ti dá, omi náà di àwọ̀ ewé, ó sì ki bí ọbẹ̀ ewédú. Ẹ̀fọ́ tí mo gbìn sókè rẹ̀ ń ṣe dáadáa ní tirẹ̀, ìgbẹ́ adìẹ ni mo ń fi sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti gbọ́n omi adágún náà dànù tí mo fi omi kànga tuntun rọ́pò rẹ̀, kì í tó ọ̀sẹ̀ kan tó fi ń padà. Aládùúgbò mi ní kí n da álọ́ọ̀mù sí i. Ẹni tó ń ta òògùn oko ní kọ́pà súlífeètì ni. Ọmọ mi tó wà ní London fi iná kan ránṣẹ́, ó ní ó ń pa á. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jí láago márùn-ún ìdájí, mo bá àwọn èpìyà lójú omi tí wọ́n ń yanu, mẹ́rin ti kú. Àwọn àrọ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ṣé májèlé ni ohun aláwọ̀ ewé yìí? Kí ni kí n dà sí i?”

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ sì kú ìdààmú. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń mọ adágún fún àwọn èèyàn tí mo sì ń bá wọn tọ́jú ẹja inú rẹ̀, láti Ìbàdàn dé Abẹ́òkúta dé Ìjẹ̀bú, kò sì sí ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí tó ti yín yìí. Ọ̀rọ̀ méjì lẹ kó pọ̀ sínú lẹ́tà kan: àwọ̀ omi, àti ikú ẹja. Wọ́n tan mọ́ra, àmọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí n ti ìdí ìbéèrè yín bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn: ẹ má da ohunkóhun sí i. Ẹ má da álọ́ọ̀mù, ẹ má da kọ́pà, ẹ má sì da bíléèṣì tí ẹnìkan á tún wá júwe fún yín lọ́la. Màá sọ ìdí rẹ̀ tó bá yá. Ikú ẹja ni ká mú ṣáájú, torí ìyẹn ò lè dúró.

Àkókò tí ẹja yín kú ló tú àṣírí ohun tó pa wọ́n. Ìdájí ni, àwọn èpìyà wà lójú omi wọ́n ń yanu, àrọ̀ ò sì mira. Ká ní májèlé ni, àrọ̀ náà ì bá ti bá a lọ. Èémí ló tán nínú omi. Ohun aláwọ̀ ewé yẹn, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní algae, ń gbé ìgbésí ayé ewéko, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní gbòǹgbò, kò sì ní ewé. Bí oòrùn bá ti ń ràn, ó ń tú ọ́síjìn sínú omi, nígbà mìíràn ẹ tiẹ̀ máa rí i tí omi ń hó wẹ́wẹ́ lọ́sàn-án gangan. Bí ilẹ̀ bá ṣú, kò tú u mọ́, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í mí in. Òun ń mí in, ẹja ń mí in, ìdọ̀tí tó ń jẹrà nísàlẹ̀ náà ń gba tirẹ̀. Láti aago méje alẹ́ títí di ìdájí, gbogbo wọn ló ń yá, kò sẹ́ni tó ń san padà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìgbà tí oòrùn fẹ́ yọ gan-an ni ọ́síjìn inú omi máa ń kéré jù. Omi gbígbóná kì í sì í gba púpọ̀ mọ́ra: bí omi bá wà ní ìwọ̀n 25 lórí Celsius, líta kan lè gba bíi mílígíráàmù 8.3, bó bá di 30, bíi 7.5 ni. Omi tí kò jìn ju 60 sẹ̀ǹtímítà, tí oòrùn Ìbàdàn ń pa láti àárọ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe máa gbóná tó.

Àrọ̀ bọ́ nínú rẹ̀ torí pé ó ní ẹ̀yà ara kan nínú orí, tó rí bí ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́, tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè tààrà. Ohun tó jẹ́ kí àwọn ìyá ẹlẹ́ja lè kó o sínú ọpọ́n pẹ̀lú omi díẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn. Èpìyà ò ní irú rẹ̀. Tí ẹ bá tún jí bá wọn lójú omi, ẹ mú korobá, kí ẹ máa bu omi adágún náà kí ẹ máa dà á padà láti òkè, kó máa ta pàrà, títí oòrùn á fi yọ. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ lọ́jọ́ náà. Ìtọ́jú pàjáwìrì nìyẹn, kì í ṣe ìwòsàn. Ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi náà dára láti ní nílé, kódà ó wúlò ju iná tí ọmọ yín fi ránṣẹ́ lọ fún ìgbà tí a wà yìí.

Ní ti májèlé tí ẹ béèrè, mi ò lè fi ojú inú dáhùn ìyẹn láti ibi tí mo wà, àmọ́ mo lè sọ bí ẹ ṣe máa wò ó. Mẹ́ta ni ohun tí àwọn èèyàn ń kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń yọ̀ bí ilá lára sìmẹ́ńtì àti òkúta. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ọ̀rẹ́ yín ni, èpìyà ń họ ọ́ jẹ. Èkejì ni èyí tó gùn bí irun tàbí òwú, tí ẹ lè fi igi wé jáde. Ẹ̀kẹta ni èyí tó wà káàkiri inú omi tí ojú ò lè rí ní ẹyọ ẹyọ, òun ló ń sọ omi di ewédú, ó sì jọ pé tiyín nìyẹn. Nínú ẹ̀kẹta yìí ni ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì wà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ò ní májèlé kankan. Àwọn kan sì wà tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà kòkòrò bakitéríà gan-an, tí wọ́n máa ń léfòó bí ọ̀dà tí wọ́n dà sójú omi, àwọ̀ wọn ń fà sí búlúù, wọ́n sì ń rùn. Ìyẹn lè ní oró tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ní Caruaru, ní ìpínlẹ̀ Pernambuco ní Bràsíìlì, lọ́dún 1996, irú oró yìí wọ inú omi tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn kíndìnrín, àwọn tó kú sì lé ní àádọ́ta. Ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe adágún iwájú ilé, mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín. Àmọ́ ẹ bu omi náà sínú ìgò tó mọ́ gaara, ẹ gbé e síbi tẹ́nikẹ́ni ò ní mì ín, ó di ọjọ́ kejì. Tí àwọ̀ ewé náà bá rọlẹ̀ sísàlẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí kò ní wàhálà. Tó bá gbára jọ sókè, ẹ fura sí i: ẹ má jẹ́ kí ewúrẹ́ tàbí ajá mu níbẹ̀, kí àwọn ọmọ má sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìgò kì í ṣe àyẹ̀wò tó dájú o. Ilé àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ ọ́ tán.

Ó wá ku ìdí tó fi wá. Oòrùn àti oúnjẹ lohun aláwọ̀ ewé ń fẹ́, kò sí ẹ̀kẹta. Ẹ̀yin lẹ fún un ní méjèèjì, Màmá, ẹ ò sì mọ̀. Igi máńgòrò tí ẹ gé yẹn ni agboòrùn adágún náà. Lóòótọ́ ni ewé rẹ̀ ń já, ewé tó ń jẹrà sì ń di oúnjẹ, àmọ́ àwọ̀n kékeré kan lórí omi ì bá gbà á. Ìgbà tí ẹ gé igi náà, òjò ṣì ń rọ̀, kùrukùru ṣì ń bo oòrùn, ẹ ò sì rí àyípadà. Bí òjò ṣe dá, oòrùn jókòó sórí omi láti aago mẹ́jọ àárọ̀ dé mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, omi ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ ò bá a gbẹ, ẹ sì ń fi omi mìíràn kún un. Eruku ọyẹ́ pàápàá tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá ní ajílẹ̀ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú, ó ń fò kọjá òkun lọ bọ́ igbó Amazon, ṣùgbọ́n èyí tó ń bà sínú adágún onímítà mẹ́ta ò tó nǹkan, ẹ má tìtorí rẹ̀ ti fèrèsé.

Oúnjẹ ẹja gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ ò sọ iye tí ẹ ń fún wọn, àmọ́ mo mọ bó ṣe ń rí nílé tí ọmọ-ọmọ bá wà: gbogbo ọmọ ló fẹ́ ju tirẹ̀, ẹja ń fò, ọmọ ń pàtẹ́wọ́, àpò ń tán. Ẹ jẹ́ ká sọ pé 100 gíráàmù ló ń wọ omi lójúmọ́. Irú oúnjẹ líléfòó tí wọ́n ń tà fún àrọ̀ lọ́jà, tí wọ́n sábà máa ń kọ 42 tàbí 45 nínú ọgọ́rùn-ún sí lára fún purotéènì, ju ohun tí èpìyà nílò lọ, òun tí nǹkan bí 30 tó. Nínú naitirójìn tó jẹ, ìyẹn ajílẹ̀ tó wà nínú purotéènì, ẹja kì í sì í tọ́jú ju bí ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí ìdá kan nínú mẹ́ta sára. Ìyókù ń ti ara ẹja padà sínú líta 3,600 omi yín. Nínú 100 gíráàmù yẹn, bí gíráàmù 1 fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà. Gíráàmù 1 péré lè bọ́ 300 sí 500 gíráàmù ohun aláwọ̀ ewé tútù. Tí ẹ bá rò ó báyìí, ẹ ó rí i pé ohun aláwọ̀ ewé lẹ̀ ń sìn, ẹja kàn ń bá a gbélé ni.

Ẹ̀rí wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ. Lọ́dún 1973, ní Ontario ní Kánádà, onímọ̀ nípa adágún kan, David Schindler, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi aṣọ tó nípọn pín adágún kan sí méjì, adágún tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 226. Wọ́n da kábọ̀nù àti naitirójìn sí apá méjèèjì, wọ́n wá fi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kún ti apá kan. Apá yẹn nìkan ló di àwọ̀ ewé. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ láti òkè, ìlà aṣọ náà hàn kedere láàárín: dúdú níbí, ewédú lọ́hùn-ún. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sì pọ̀ nínú ìgbẹ́ adìẹ. Ẹ ní ẹ̀fọ́ yín wà lókè adágún. Bí ẹ bá ń bomi rin ín lálaalẹ́, tàbí tí òjò bá rọ̀, ibo lẹ rò pé omi yẹn ń ṣàn lọ? Ẹ lọ wo igun tó kọjú sí ẹ̀fọ́, ẹ wò ó bóyá ipa omi wà lára ilẹ̀ níbẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Èpìyà méjìlá tí ẹ kó sí i ò lè jẹ́ méjìlá mọ́. Inú ẹnu ni abo rẹ̀ ń tọ́jú ẹyin sí, nínú omi wa tó ń gbóná yìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lè tó kó tún bí òmíràn. Tí ẹ bá fi àwọ̀n fa ìdí adágún yẹn lónìí, ẹ lè bá ọgọ́rùn-ún pade. Àwọn ọmọ yìí kan náà sì ń jẹ àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ inú omi tí ì bá máa jẹ ohun aláwọ̀ ewé fún yín, wọ́n ń tú ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ sókè.

Ẹ wá gbọ́n omi dànù nígbà mẹ́fà. Mo mọ agara tó wà nínú rẹ̀, mo ti ṣe é rí. Ṣùgbọ́n tí ohun aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo tó kù lára sìmẹ́ńtì bá ń pín sí méjì lójoojúmọ́, ọjọ́ kẹwàá ó ti di 1,024. Oúnjẹ ò dúró, oòrùn ò dúró. Tí ẹ bá sì ń gbo ògiri adágún, àwọn bakitéríà rere tó ti ń fara mọ́ ibẹ̀, tí ń sọ oró tó ń ti ara ẹja jáde di ohun tó rọ̀, ẹ ń gbo àwọn náà dànù. Ọ̀rọ̀ kànga náà tún wà. Tí kànga yín bá sún mọ́ sókàwéè, tiyín tàbí ti aládùúgbò, omi tó mọ́ lójú yẹn lè gbé naitirójìn tó pọ̀ wá, ó tún di ajílẹ̀ lórí ajílẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ́sẹ̀ ló tó láti pààrọ̀. Líta 360 nìyẹn, korobá onílíta 20 méjìdínlógún. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti fà á, pẹ̀lú ìdọ̀tí rẹ̀, kí ẹ sì dà á sí ìdí ẹ̀fọ́. Ẹ̀fọ́ á dúpẹ́, ẹ ò sì ní nílò ìgbẹ́ adìẹ púpọ̀ mọ́.

Ó wá kan àwọn ohun tí wọ́n ní kí ẹ dà sí i. Álọ́ọ̀mù ò burú láti ìpilẹ̀ṣẹ̀: àwọn ìyá wa fi ń mú omi odò mọ́, òun sì ni ilé iṣẹ́ omi ń lò. Ó ń dì mọ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ó ń fà á lọ sísàlẹ̀. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó ń mú omi kan, omi tí kò sì ní ẹfun nínú dáadáa kò lè dá kíkan yẹn dúró, ẹja á wá jìyà rẹ̀. Tó bá tiẹ̀ mọ́, ọjọ́ díẹ̀ ni, torí ọ̀la ẹ ó tún fún ẹja lóúnjẹ. Iyọ̀? Ìwọ̀n iyọ̀ tó máa pa algae lè pa ẹja pẹ̀lú. Bíléèṣì, mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ẹfun ilẹ̀ wúlò fún adágún tó ṣófo, tí a fẹ́ tọ́jú ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹja tó wọlé, kò wúlò báyìí.

Kọ́pà súlífeètì lẹ̀rù ń bà mí sí jù. Òun ni òògùn búlúù tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ń pò mọ́ ẹfun fi wọ́n igi kí èso má baà dúdú. Ó ń pa algae lóòótọ́. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ilé ẹnìkan ní agbègbè Ìjẹ̀bú, mo dà á sínú adágún kan lọ́wọ́ ara mi. Omi òjò láti orí páànù ni wọ́n fi kún adágún náà, mi ò sì wọn omi yẹn wò kí n tó ṣe é. Lọ́jọ́ kejì, omi ti ń mọ́, inú mi dùn, mo lọ sílé. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n pè mí ní kùtùkùtù. Gbogbo ẹja náà ló léfòó, omi mọ́ gaara lábẹ́ wọn. Nǹkan méjì ló pa wọ́n, mi ò sì lè sọ èwo ló pọ̀ jù. Omi òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ẹfun kankan tí yóò rọ kọ́pà lójú, nítorí náà oró rẹ̀ wọ ẹja lára. Bákan náà, gbogbo algae tó kú lẹ́ẹ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ìjẹrà náà sì mu gbogbo ọ́síjìn tó kù. Òfin tí àwọn tó mọ̀ ọ́n lò ń tẹ̀lé ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ wọn ohun tí wọ́n ń pè ní alkalinity, ìyẹn bí ẹfun inú omi ṣe tó. Tí kò bá tó mílígíráàmù 50 nínú líta kan, wọn kì í fọwọ́ kàn án rárá. Ẹni tó fẹ́ tà á fún yín, ẹ bi í bóyá ó ti wọn omi yín. Mo san owó ẹja yẹn padà, owó yẹn ló kọ́ mi.

Iná tí ọmọ yín fi ránṣẹ́ kì í ṣe irọ́. Ìmọ́lẹ̀ ultraviolet ni, òun náà ń pa algae tó bá gba iwájú rẹ̀ kọjá nínú omi tí pọ́ǹpù ń fà. Kò lè fọwọ́ kan èyí tó gùn bí irun. Èyí tó bá pa gbọ́dọ̀ rí asẹ́ tí yóò gbà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó kàn ń di oúnjẹ fún èyí tó ń bọ̀ ni. Gílóòbù rẹ̀ ò lè ju bí wákàtí 9,000 lọ kí agbára rẹ̀ tó rẹlẹ̀, ìyẹn bí ọdún kan, bó tilẹ̀ ṣì ń tàn lójú. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan wojú iná náà tààrà, ó ń ba ojú jẹ́. Lójú ọmọ yín, gbogbo èyí rọrùn, torí ní London iná kì í sábà lọ, omi adágún wọn á sì tutù nígbà òtútù débi pé algae á sinmi fún oṣù mélòó kan. Tiwa ò ní ìsinmi. Tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ fún ọjọ́ méjì, ẹ ti padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, àfi tí ẹ bá ní sólà. Bóyá ó tún máa sọ fún yín nípa pòròpórò ọkà báálì, tí àwọn ará Bírítéènì ń sọ sínú adágún. Ó ń dènà èyí tó fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ hù nígbà mìíràn, kì í pa èyí tó ti wà, ó sì ń gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ẹ má fi pòròpórò àgbàdo tàbí ti ìrẹsì rọ́pò rẹ̀ níbí. Nínú omi tó gbóná bí tiwa, jíjẹrà ló máa yára jẹrà, ìdájí lẹ ó sì tún jí bá ẹja tó ń yanu.

Ohun tí mo nígbàgbọ́ nínú rẹ̀ jù lọ wà nínú àdúrà tí gbogbo wa mọ̀: ojú oró ni í lékè omi, òṣíbàtà ni í lékè odò. Ẹni tó kọ́kọ́ gba àdúrà yẹn mọ omi. Ojú oró ń léfòó, gbòǹgbò rẹ̀ rọ̀ sínú omi bí irùngbọ̀n, ó ń fa ajílẹ̀ kan náà tí algae ń wá, ó sì ń ṣíji bo omi. Ẹ jẹ́ kó bo ìdajì ojú omi, kó má ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Kíkó rẹ̀ kúrò ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀: lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ kó èyí tó bá lé, ẹ sọ ọ́ sórí ààtàn. Èyí tí ẹ kó yẹn ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó jáde nínú adágún yín tí kò ní padà mọ́. Tí ẹ ò bá kó o, tó jẹrà síbẹ̀, ẹ ò ṣe nǹkan kan. Èpìyà máa ń ṣán gbòǹgbò rẹ̀, ẹ fi àwọ̀n yí díẹ̀ ká níbì kan kó lè máa bímọ. Ẹ̀fọn kan tún wà, Mansonia, tí ìdin rẹ̀ ń gún gbòǹgbò ojú oró láti mí, ẹja kì í tètè rí i níbẹ̀. Ìdí mìíràn tí kò fi gbọ́dọ̀ bo gbogbo ojú omi nìyẹn. Òṣíbàtà ní tirẹ̀, inú ìkòkò tó ní amọ̀ nísàlẹ̀ lẹ ó gbìn ín sí, kò yára, àmọ́ ó rẹwà, kò sì nílò kíkó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má gba water hyacinth lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, èyí olódòdó àlùkò tó wọ ojú omi Bàdágìrì ní 1984 tó sì dí ọ̀nà fún àwọn apẹja. Ojú oró pàápàá, ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí odò.

Asẹ́ ni mo máa fi kún un tí owó bá wà. Dúrọ́ọ̀mù búlúù kan tó, ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́, àwọ̀n àtijọ́ àti ìdérí ìgò oníke sínú rẹ̀, kí pọ́ǹpù máa gbé omi gba ibẹ̀ kọjá, kí gbogbo omi adágún lè yí po lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí kan sí méjì. Pọ́ǹpù tó ń fa líta 2,000 sí 3,500 ní wákàtí kan tó fún tiyín. Àwọn bakitéríà ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n sì nílò bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó gbára dì. Tí ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́, omi adágún náà ni kí ẹ fi ṣan án, ẹ má fi ọṣẹ kàn án. Asẹ́ ń mú oró kúrò, àmọ́ àjílẹ̀ tó kù lẹ́yìn rẹ̀, ojú oró ló ń jẹ ẹ́, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín bí ẹni pé òun nìkan á parí iṣẹ́.

Tó bá jẹ́ tèmi ni, ohun tí mo máa ṣe lọ́sẹ̀ yìí ò ná mi ní nǹkan kan. Màá fi àwọ̀n kó èpìyà jáde, màá fi mẹ́jọ péré sílẹ̀, ká fi ìyókù se ọbẹ̀, bí àwọn ọmọ ò bá ní sunkún. Àwọn àrọ̀ mẹ́ta yẹn dára níbẹ̀, wọ́n á máa jẹ ọmọ èpìyà tó bá ń pọ̀ jù. Oúnjẹ á di ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, lọ́jọ́ Sunday wọn ò ní jẹun rárá. Màá to búlọ́ọ̀kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún níhà ẹ̀fọ́ kí omi má lè ṣàn wọ̀ ọ́ mọ́, màá ta àwọ̀n dúdú tí wọ́n fi ń ṣíji bo nọ́sìrì sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, kí ojú oró tó gbilẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ò ní rí ìyàtọ̀, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń juwọ́ sílẹ̀ lọ ra kọ́pà. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Mi ò sì ní tàn yín: omi tí ẹja ń jẹun nínú rẹ̀, lábẹ́ oòrùn wa, kò ní mọ́ bí omi inú ìgò láé láìsí asẹ́ tó dára. Omi tó mọ́ gaara wà lọ́wọ́ ẹni tó bá gbà láti yọ ẹja kúrò, kó fi òṣíbàtà àti ẹja kéékèèké díẹ̀ tí yóò máa jẹ ìdin ẹ̀fọn sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ èyí tí àwọn ọmọ-ọmọ yín fẹ́ wò. Àmọ́ àwọ̀ ewé díẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Ẹ ki apá bọ omi: tí ẹ bá ń rí àtẹ́lẹwọ́ yín títí omi fi dé ìgúnpá, ó dára bẹ́ẹ̀. Tó bá ti pòórá kí omi tó débẹ̀, ó ti ki jù, ìdájí léwu. Àlùfáà Angelo Secchi fi àwo funfun ṣe irú ìdánwò yìí ní òkun Mẹditaréníà ní 1865. Ní adágún iwájú ilé, apá yín tó.

Iná ọmọ yín, ẹ fi sínú páálí rẹ̀ títí asẹ́ á fi wà. Ní ti máńgòrò, ẹ ò sọ bóyá ẹ hú ìdí rẹ̀ tàbí ẹ kàn gé e ni. Tí kùkùté yẹn bá ṣì wà, tó sì ti ń rú ẹ̀ka, ẹ jẹ́ kó rú.